Kí La Ó Sọ fún Àwọn Ọmọ Wa Nípa Ojú Ọjọ́ Tó Ń Yí Padà?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn ní Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, New Haven, Enugu

 

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí pé èmi ni n ó sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, mo rò pé owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ohun tó máa ń wà lẹ́nu èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún 12 kan gbé kọ́ mi lọ́rùn.

Ìbéèrè ọmọ ọmọ mi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí a jókòó síta láti gba atẹ́gùn, ọmọ ọmọ mi tó wà ní JSS 2 gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ayé yóò máa gbóná títí gbogbo wa yóò fi jóná?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò bá mi ṣeré.

Mo gba ìwé náà, mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ihò kan wà lójú ọ̀run, níbi tí wọ́n ń pè ní ozone, pé ihò náà ni ooru oòrùn ń gbà wọlé, òun ló sì fà á tí ojú ọjọ́ fi ń yí padà. Olùkọ́ ti fi bírò pupa maàkì rẹ̀ pé ó tọ̀nà. Kò tọ̀nà. N kò wá síbí láti bá olùkọ́ kankan jà, nítorí àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó kàwé, ó sì wà lẹ́nu èmi náà nígbà kan. Ohun tó dùn mí ni pé ojú ìwé kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ náà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, ìdajì kejì jẹ́ ìdẹ́rùbà. Kò sí ohun tí wọ́n ní kí ènìyàn ṣe níbẹ̀ àfi ìlà kan tó sọ pé kí a gbin igi.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn wa léèrè bí wọ́n ṣe ń dá àwọn ọmọ tiwọn lóhùn. Ìdáhùn mẹ́ta ni mo gbọ́. Àwọn kan ní àmì ìgbẹ̀yìn ayé ni. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé òjò ti ń rọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wa. Àwọn yòókù ní kí ọmọ lọ gbin igi. N kò bá onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí kankan jiyàn lórí ìgbẹ̀yìn ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá sọ fún pé kò sí ohun tí a lè ṣe kò ní ṣe ohunkóhun. Ọmọ tí a bá sì sọ fún pé irọ́ ni, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́ kan, kò sì ní gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lásìkò tiwa yìí, ọmọ tí a kò kọ́ nípa òjò lè kọ́ ilé tirẹ̀ sí ojú ọ̀nà àgbàrá.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lónìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ yìí bó ṣe rí gan-an, láti inú ohun tí ojú wọn ń rí tí ọwọ́ wọn sì lè wọ̀n. Kí a sì kọ́ wọn ní ohun tí a lè ṣe sí i pẹ̀lú. Ìdajì ẹ̀kọ́ kò tó.

Aṣọ ìbora tí ayé fi bora

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Òjò tó rọ̀ lónìí, ojú ọjọ́ òní nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà òun ń lọ síwájú, kì í wo ọjọ́ kan. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ló máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ṣe máa ń wo àkọsílẹ̀ ọdún 30 kí wọ́n tó sọ pé báyìí ni ojú ọjọ́ ìlú kan ṣe rí. Tí ẹnì kan bá ní, "Òtútù mú wa ní àná, níbo ni ayé ti ń gbóná?", ọjà ọjọ́ kan ló ń wò.

Ẹ wá bi ọmọ yín léèrè ohun tó mọ̀ dáadáa. Nígbà ọyẹ́, èyí tí àwọn onílé wa níbí ń pè ní ụgụrụ, kí ló dé tí ọ̀sán fi ń gbóná tí ìdájí sì ń tutù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń wá súwẹ́tà? Kí ló dé tí òru oṣù kẹfà kì í tutù bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, ilẹ̀ a sì máa dá ooru náà padà sókè lóru. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkùukùu kò sí, ooru náà kò sì rí ohun tó máa dá a dúró. Nígbà òjò, ọ̀rinrin àti ìkùukùu a dá a dúró lókè orí wa, bí aṣọ ìbora ṣe ń dá ooru ara dúró. Ọmọ tó bá mọ èyí ti mọ ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rinrin nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ aṣọ ìbora. Afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide. N ó máa pè é ní afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. A kì í rí i, kì í rùn, kì í sì í ṣe èéfín. A máa ń mí in síta, igi a máa fà á sára, ó sì máa ń jáde nígbà tí a bá sun igi, èédú, epo tàbí gáàsì. Ní ọdún 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, fi afẹ́fẹ́ yìí sínú ìgò, ó gbé e sínú oòrùn, ó sì rí i pé ó gbóná ju ìgò tí afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1859, John Tyndall wọn bí irú àwọn afẹ́fẹ́ yìí ṣe ń gba ooru dúró. Ní ọdún 1896, Svante Arrhenius ará Sweden jókòó ti ìṣirò, ó sì sọ pé bí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù bá ń pọ̀ sí i, ayé yóò gbóná sí i. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí Lugard tó so Nàìjíríà pọ̀ ní 1914. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ láti fi pa owó.

Aṣọ ìbora fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Bí kò bá sí i, ayé ìbá tutù tó fi ìwọ̀n Celsius 33 dín sí bó ṣe rí, omi ibi púpọ̀ ìbá sì ti di yìnyín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ń fi aṣọ kún aṣọ. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé, nínú afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù 1, nǹkan bí 280 ni kábọ́ọ̀nù. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, ó ti di nǹkan bí 315. Lónìí ó ti kọjá 420. Ayé sì ti gbóná ju ti àtijọ́ lọ ní ìwọ̀n 1 ó lé díẹ̀. Ọdún 2024 ló gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti wọ̀n.

Ọmọ lè ní, "Ìwọ̀n 1 péré?" Ẹ rán an létí pé ara ènìyàn wà ní nǹkan bí 37. Tó bá di 38, ìyá ti ń wá oògùn ibà. Lọ́nà kejì, afẹ́fẹ́ dà bíi kànrìnkàn. Fún gbogbo ìwọ̀n 1 tó bá gbóná sí i, ó lè fa omi sára tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò fa omi inú ilẹ̀ oko gbẹ kíákíá. Nígbà tí òjò bá sì tó rọ̀, omi tí yóò dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò pọ̀ ju ti àtijọ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ àti àgbàrá ṣe lè ti inú ohun kan náà jáde nìyẹn.

Ozone ńkọ́? Ozone wà lóòótọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni pé ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó lè ba awọ ara àti ojú jẹ́. Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n máa ń lò nígbà kan nínú fíríìjì àti agolo ìfúnńkan ló bà á jẹ́. Ní ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Montreal láti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n mú àdéhùn náà ṣẹ, ozone sì ti ń padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ má jẹ́ kí a pò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ayé jókòó, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan, tó sì yọrí sí rere.

Èédú abẹ́ ẹsẹ̀ wa

Kò sí ìlú tó yẹ kí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ju Enugu lọ. Ní ọdún 1909, àwọn awádìí ilẹ̀ tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn rí èédú ní agbègbè Udi. Ní 1915, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Ogbete. Ní 1916, rélùwéè ti dé láti Port Harcourt. Èédú yìí ló ń ti ọkọ̀ ojú irin, òun náà ni wọ́n ń sun ní Ìjọra ní Èkó láti fi tan iná mànàmáná. Nítorí náà, ọmọ Èkó tó kàwé lábẹ́ iná nígbà náà, iná Enugu ló lò. Àwọn èèyàn wa náà bá iṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ ìjọba wá sí ìlú yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ bákan náà pé ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley. Èédú yẹn ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Kí wá ni èédú? Igi àti ewéko ayé àtijọ́ ni, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Kábọ́ọ̀nù tí àwọn igi náà fà sára ló wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá wà á, tó sun ún, ohun tó gba ilẹ̀ ní àìmọye ọdún láti kó pamọ́ ni a tú sílẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ǹjẹ́ àwa la ba ayé jẹ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pa pọ̀ kò mú jáde tó ìdá 5 nínú 100 kábọ́ọ̀nù tí ayé ń tú sílẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ti kó jọ sókè, Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti, láìpẹ́ yìí, Ṣáínà ló ni ín. Ó tọ́ kí ọmọ wa mọ èyí, kó lè dúró ṣinṣin lọ́jọ́ tó bá jókòó síbi ìpàdé àgbáyé. Ṣùgbọ́n kó tún mọ̀ pé àwa náà ń sun gáàsì dànù lẹ́nu kànga epo ní Niger Delta láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, àti pé òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Omi kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi kó tó wọlé.

Ohun tí ojú wa ti rí

Omi Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ní Ìbàdàn kan náà. Ní 2012, odò Ọya àti Benue kún kọjá ẹnu; àjọ NEMA ka òkú 363, àwọn tó sá kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù 2. Ní 2022, àwọn tó kú lé ní 600, àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù 1. Àwọn ará Ogbaru ní Anambra, tí kò jìnnà sí wa, wà lára àwọn tó fara gbá a. Ilẹ̀ pupa tí ọ̀gbàrá ń gbẹ́ ní Agulu àti Nanka náà, ẹni tó bá ti kọjá níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe eré.

Níbí yìí, a ní láti jẹ́ olóòótọ́ sí àwọn ọmọ. Kì í ṣe gbogbo omíyalé ni àyípadà ojú ọjọ́ fà. Ní Ògùnpa, pàǹtírí ti dí odò, ilé sì ti wọ inú rẹ̀. Ní 2012 àti 2022, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo ní Cameroon wà lára rẹ̀. Ayé tó ń gbóná ń fi agbára kún òjò. Àìbìkítà wa ló ń la ọ̀nà fún un. Ọmọ tó bá mọ méjèèjì yóò mọ ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ lè dé.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ lórí èyí. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ní àwọn ọdún 1990, mo wà ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀nà ní ìlú kan ní agbègbè yìí. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan mú ìwé wá bá mi. Ó ní òjò ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti ju iye tó wà nínú tébù àtijọ́ tí a fi ń ṣe ìṣirò, pé kí a jẹ́ kí páìpù tí omi máa gbà lábẹ́ ọ̀nà náà fẹ̀ sí i. Mo ní tébù àwọn ọ̀gá wa ni, owó kò sì sí. Mo buwọ́ lù ú bó ṣe wà. Ní ọdún kẹta, lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, omi kọ páìpù náà, ó gba orí ọ̀nà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù opó kan tó ń ta aṣọ. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kú. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ó ń fún omi lára aṣọ, ó gbójú sókè, ó bi mí ní èdè Igbo pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ kò mọ̀ ni, àbí ẹnì kankan kò sọ fún yín?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n sọ fún mi. Ìwé náà wà lórí tábìlì mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìmọ̀ tí ó wà nínú fáìlì kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ omi, àfi bí ẹni tó ni bírò lọ́wọ́ bá ti kọ́ láti kékeré pé iye òjò kì í dúró sójú kan, ó yẹ kí a máa wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn yìí ni yóò di ẹni tó ni bírò lọ́la.

Bí a ṣe lè kọ́ wọn

Láti ọdún 1992 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Rio ti ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè kọ́ ará ìlú nípa ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ wa níbí, àjọ NEST ní Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ láàárín 2007 sí 2011, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ sì ń kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nípa ojú ọjọ́ wa. Ohun tó kù ni kí ó dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, kó sì dé ilé wa.

Ohun àkọ́kọ́ ni agolo. Ẹ wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ gbé e síta níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó, ẹ fi òkúta tì í kí atẹ́gùn má bàa gbé e ṣubú. Ní agogo 7 àárọ̀, kí ọmọ fi rúlà wọn bí omi ṣe ga tó, kó kọ ọ́ sínú ìwé ní mílímítà, kó dà á nù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò Enugu máa ń lé ní 1,500 mílímítà lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi tirẹ̀ wé e. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, yóò rí ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ọjọ́ tí àrọ̀kúrò lọ, àti iye ọjọ́ tí òjò sinmi nínú oṣù kẹjọ.

Ìkejì ni jẹnẹrétọ̀. Lítà 1 epo pẹtiróòlù, bí a bá sun ún, ń mú nǹkan bí kílò 2.3 kábọ́ọ̀nù jáde. Ilé tó bá ń sun lítà 4 lójúmọ́ ń tú kílò 9.2 sílẹ̀. Ọmọ tó bá fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀ yóò rí 3,358. Ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, ó sì tún jẹ́ ìṣirò owó bàbá rẹ̀.

Ìkẹta ni ẹnu àgbà. Kí ọmọ gbé ìwé lọ bá ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ tàbí àgbẹ̀ tó ń gbé iṣu wá sí ọjà Ogbete, kó bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ń gbin iṣu nígbà èwe wọn àti ìgbà tí wọ́n ń gbìn ín báyìí. Ṣùgbọ́n kó fi ìdáhùn wé ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ NiMet, nítorí àgbà náà máa ń gbàgbé.

Ohun tí a lè ṣe

Ọ̀nà méjì ni ìdáhùn sí wàhálà yìí pín sí, ó sì yẹ kí ọmọ mọ méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni kí a dín ohun tí ń mú ayé gbóná kù. Àdéhùn Paris ti 2015 wà fún èyí. Orílẹ̀-èdè wa náà ṣe òfin àyípadà ojú ọjọ́ ní 2021, ó sì ṣèlérí pé nígbà tó bá máa fi di nǹkan bí 2060, a kò ní máa fi kábọ́ọ̀nù kún ti òkè mọ́. Sólà dípò jẹnẹrétọ̀, ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀, gáàsì tí a lò dípò kí a sun ún dànù, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Igi gbígbìn náà dára, pàápàá lórí òkè Udi tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ń jó lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n igi tí a gbìn fún fọ́tò, tí ẹnì kankan kò bomi rin, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Èkejì ni ìmúrasílẹ̀, nítorí ooru tó ti wọlé kò ní jáde lọ́la. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí gọ́tà fẹ̀, kó sì mọ́. Kí a má kọ́lé sójú omi. Kí a máa gbọ́ ìkìlọ̀ NiMet ṣáájú òjò. IITA ní Ìbàdàn ti ń bá àwọn mìíràn ṣe irúgbìn àgbàdo tó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Iṣẹ́ NEWMAP tí Báńkì Àgbáyé ṣètìlẹ́yìn fún láti 2013 dá ọ̀gbàrá dúró ní ọ̀pọ̀ ibi, Enugu sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, mo gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀. Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní agolo òjò kan àti ìwé kan, kí àwọn ọmọ máa mú iye wọn wá sí ìpàdé gbogboogbò lóṣooṣù, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì, kí àwọn olùkọ́ àti àwa tí a ti fẹ̀yìn tì máa kọ́ wọn ní Sátidé kan lóṣù, ní èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ wa níbí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́ Igbo, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló mọ àkọ́rọ̀ yàtọ̀ sí àrọ̀kúrò? Èdè tí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ òde òní yóò di èdè oríkì nìkan. Ẹ̀kẹta, kí àwa àti àwọn aládùúgbò wa ọmọ Igbo jọ kó gọ́tà àdúgbò ní oṣù kẹta ọdọọdún, kí òjò tó dé. Omi tó bá ya ilé wọn kò ní fo tiwa.

Ìkádìí

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo sọ fún ọmọ náà. Mo ní, "Rárá, gbogbo wa kò ní jóná. Ṣùgbọ́n ayé ń gbóná lóòótọ́, ọwọ́ ènìyàn ló sì ń mú un gbóná, ọwọ́ ènìyàn náà ló lè dín in kù. Èyí tí a kò bá lè dín kù, a ó múra sílẹ̀ fún un." Mo ṣàlàyé ozone fún un. Mo sọ ìtàn opó náà fún un pẹ̀lú, láì fi ọ̀kankan pamọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a wá agolo."

Agolo náà wà lẹ́yìn ilé mi títí di òní. Bí mo bá sùn pẹ́ láàárọ̀, òun ló máa ń kan ilẹ̀kùn pé òjò àná wà níta, a kò tíì wọ̀n ọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa àgbà tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí wọn òjò pẹ̀lú àwọn ọmọ wa.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, omi kò ní gbé wa lọ, ojú wa kò ní rí ibi.